Ọkọ̀ Ìgbòkun Garba àti Ìlérí Tí Mo Yẹ̀

Kí a tó jáde nílé ní Kinkinau, Kaduna, ní ìdájí ọjọ́ Sátidé yẹn, ìyàwó mi tú báàgì mi wò bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó yọ sísọ́ọ̀sì, ó yọ téèpù, ó tún yọ ṣọ́ọ̀kì tí èmi gan-an kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Fìlà orí mi nìkan ni kò wò. Abẹ́rẹ́ ńlá kan wà nínú ìṣẹ́tí rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́ télọ̀.

Ẹ má bá a wí. Iṣẹ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́dún náà. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo dojú dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ilé ìwòsàn ni mo ti lajú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bẹ́ẹ̀, ìdí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ikú ti bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, kò sunkún. Ó kàn ní kí n ṣèlérí fún òun pé n kò ní ran ohunkóhun fún ọjọ́ méje, mo sì ṣèlérí. Oníbàárà mi kan, ará Yauri, ni ó sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n òun tí ń jẹ́ Garba ní ọkọ̀ ìgbòkun tí ó fi ń kó àlùbọ́sà lórí adágún Kainji, pé bí a bá bá a lọ, kò sí iṣẹ́ tí a ó ṣe ju kí a jókòó kí a máa wo omi.

Píjò tí a wọ̀ gba igba náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Kontagora. Ọ̀nà ṣeé rìn títí dé Birnin Gwari. Láti ibẹ̀ dé Tegina, kòtò pọ̀ débi pé dẹ́rẹ́bà ń pàrọwà fún ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tí ó fẹ́ kó jáde. Ní Kontagora, a jẹ tùwó pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, èyí tí a ń pè ní lúrú nílé wa. Ìyá Kúdí ní ata wọn kò tó. N kò dá sí i, nítorí ọ̀nà ṣì jìn. Ọkọ̀ mìíràn gbé wa dé Yelwa ní Yauri ní ìrọ̀lẹ́.

Àgbàlagbà gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ni Garba. "Sannunku da zuwa," ó fi kí wa káàbọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni a ó dé ìsàlẹ̀ adágún nítòsí New Bussa, níbi tí a ó ti sọ̀kalẹ̀.

"Sai iska ta so," ó dáhùn, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Lórí omi tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í dá ọjọ́. Èmi tí àwọn oníbàárà ti ń bú nítorí ọjọ́ tí mo dá fún wọn láti ogún ọdún sẹ́yìn, irú ibẹ̀ wù mí gbé.

Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ó gùn tó Píjò mẹ́ta. Abẹ́ ẹní tí wọ́n ta bò ó láàárín ni tiwa, àlùbọ́sà wà níwájú, Garba jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ tí ó fi ń darí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí ń bá a ṣiṣẹ́, Sani àti Audu, ń tọ́jú okùn. Àpò fúláwà ni wọ́n rán pọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìgbòkun. Bí wọ́n ti ta á, ó wú, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láìsí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan. Ìyá Kúdí bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an, nítorí ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ọ̀sán yẹn ni Audu sun ẹja tí wọ́n ń pè ní giwan ruwa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni erin omi. A fi àlùbọ́sà tútù àti ata yájì jẹ ẹ́, a sì lá ìka.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì lórí omi ni èṣù ṣe mí. Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́. Garba àti àwọn méjèèjì so ọkọ̀ mọ́ èbúté abúlé kan, wọ́n tẹ́ ìgbòkun sórí iyanrìn, wọ́n lọ ta àlùbọ́sà. Ìyá Kúdí sùn. Mo jókòó ti ìgbòkun, mo rí i pé ojú rírán là sílẹ̀ ní ibi mẹ́rin, ó gùn tó apá ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe télọ̀ kò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá rí ọmọ olọ́mọ tí ikun imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ẹ sì ní aṣọ ìnujú lọ́wọ́. Mo wo ìyàwó mi, mo wo ojú ọ̀nà abúlé, mo sì bọ́ fìlà. Okùn àwọ̀n tí mo rí nínú ọkọ̀ ni mo fi rán ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rírán onílọ̀ọ́po méjì tí kò lè tú láéláé. Ara mi yá gágá. Mo ní màá jẹ́ kí Garba fúnra rẹ̀ rí i.

Ní ọjọ́ kẹta, inú òkùnkùn ìdájí ni wọ́n ti ta ìgbòkun, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, a ti wà láàárín omi. Ìyá Kúdí bẹ̀rẹ̀ sí etí ọkọ̀, ó fẹ́ bu omi fọjú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ já lé wa lójijì. Ìgbòkun wú, ó le gbandi, ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àlùbọ́sà yí lọ síbẹ̀, ìyàwó mi sì ré sínú omi. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Sani ti bẹ́ tẹ̀ lé e. Garba fa ọ̀bẹ yọ, ó la ojú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo rán, ọkọ̀ sì padà dọ́gba. Sani gbé ìyàwó mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, èmi àti Audu fà á wọlé. Ó ń gbọ̀n, ó ń wúkọ́.

"Wa ya ɗinke?" Garba béèrè. Ta ni ó rán an?

"Èmi ni," mo wí. Ojú tì mí.

Kò bínú. "Iska ma baƙuwa ce, Tela. Sai ka bar mata ƙofa." Ó ní àlejò ni afẹ́fẹ́ náà, pé ó yẹ kí a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìrán, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá pọ̀ jù lè rí ọ̀nà jáde. Ó wo rírán tí ó kù, ó ní, "Iṣẹ́ rẹ dára o. Ibi tí o ṣe é sí ni kò dára."

Mo bọ́ agbádá mi, mo fi bo Ìyá Kúdí.

"Bàbá Kúdí, ẹ ti ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

"Èmi ni mò ń ṣọ́ yín kí ẹ má baà kú. Ta ni ń ṣọ́ èmi?"

Mo mú abẹ́rẹ́ náà fún Garba, mo ní kí ó fi ṣe sàárà fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Láti ìgbà náà títí a fi dé ìsàlẹ̀ adágún, èmi ni mò ń po tíì fún ìyàwó mi, tí mò ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ó sùn bí òkúta. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ó rẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn kì í sùn, mo sì ti ń rò pé tèmi nìkan ni ìsinmi náà.

A sọ̀kalẹ̀ nítòsí New Bussa, a gba Mokwa, Bida àti Minna padà sí Kaduna. Nígbà tí a dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè, oníbàárà mẹ́rin ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ lórí ẹsẹ̀.

"Mo kí yín o," mo wí. "Ọjọ́ Sátidé ni màá ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n kùn, wọ́n lọ. Mo wọ yàrá, mo dùbúlẹ̀. Oorun kò tíì gbé mi lọ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Ìyá Kúdí. Ó dúró ti ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí ihò imú mi láìfi kàn mí. Ó ṣe é bí ẹni tí ó ti mọ́ lára, mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti dé láti ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò lajú. Mo mí sí i lọ́wọ́ dáadáa, kí ó lè dá a lójú.