Ìwé Méjì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kà Fún Baba Ẹ-fún-mi-lómi

Baba Ẹ-fún-mi-lómi ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló kú, lẹ́bàá ọ̀nà, níwájú ìsọ̀ oníbàtà tó wà ní oríta wa, tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò sì sẹ́ni tí kò ní kú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni ìyàwó rẹ̀ fi wá a, tó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá àgọ́ yẹn gan-an ló gbé òkú ọkọ rẹ̀. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti sin ín mọ́ àwọn aláìlórúkọ, wọ́n kọ nọ́ńbà sára igi, wọ́n sì ri í mọ́lẹ̀ níbi orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọlọ́pàá ni Baba. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní àgọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ìwé ńlá méjì ló wà lórí pẹpẹ níbẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ẹni tí ará ilé rẹ̀ ń wá sí, èkejì ni wọ́n ń kọ òkú tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ sí. Láràárọ̀, Baba á ṣí méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á máa fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. Bí àpá tó wà nínú ìwé yìí bá jọ èyí tó wà nínú ìwé yẹn, ó di kó gbéra nìyẹn, á máa wá ilé kiri. Kò sí ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ yìí. Òun ló fi sọ́rùn ara rẹ̀.

Tó bá wá dé ilé tó ń wá, kò ní sọ ọ́ lórí ìdúró láéláé. Á ní kí wọ́n fún òun lómi. Á jókòó, á mu ún tán pátápátá, kó tó lanu. Mo bi í nígbà kan pé òùngbẹ wo ló ń gbẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe òùngbẹ, pé ẹni tó bá lọ bu omi á ti rí nǹkan fọwọ́ ṣe, á sì ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ kó tó padà dé. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Nígbà tó yá, bó bá wá kíni lásán, àtẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa pariwo pé òun ti mumi láti ilé o, kí àyà ẹnikẹ́ni má bàa já.

Ó mumi nílé tiwa náà. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde lọ ra bátìrì rédíò, kò padà wálé. Ní ọjọ́ kẹta, Baba kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi ló bu omi náà, ìdajì rẹ̀ ló dà sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Baba. Ìka ẹsẹ̀ òsì tó gun ìkejì rẹ̀ ni Baba fi dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Nítorí náà, ìyá mi mọ ibi tí ọmọ wọn sùn sí, wọ́n sì lè lọ síbẹ̀ lọ sunkún wọn. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Baba fẹ̀yìn tì. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n gba aṣọ iṣẹ́, wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀. Kó tó lọ, ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgọ́ náà pé kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa ka ìwé méjèèjì. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì tó rí gbà ni pé òṣìṣẹ́ kò tó. Òṣìṣẹ́ kò tó, kẹ̀? Ọlọ́pàá mẹ́rin ló ń ṣọ́ géètì ọkùnrin olówó kan lókè lọ́hùn-ún, ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ajá ọkùnrin náà sọnù, ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì ló wá a, ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ní ọjọ́ tí Baba ṣubú, àwọn ọlọ́pàá tó wá gbé e jẹ́ ẹni tuntun, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọn kò rí káàdì. Wọ́n béèrè bóyá ẹnìkan mọ̀ ọ́n. Oníbàtà tẹrí ba, ó ń lu ìṣó. Nígbà tí mo lọ bá a lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí mo sì ti múra ìjà lọ, ohun tó sọ rèé: "Mo mọ̀ ọ́n. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó lóun mọ òkú lọ́jọ́sí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn ní àtìmọ́lé. Mo ní ọlọ́pàá ṣáà ni Baba, àwọn èèyàn rẹ̀ á mọ̀ ọ́n."

Ìjà tán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, mo bi yín: Bí ẹ bá ń mú ẹni tó sọ òótọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Ẹ ti kọ́ odindi àdúgbò láti máa tẹrí ba bí wọ́n bá rí yín, ẹ tún wá ń ráhùn pé ará ìlú kì í ràn yín lọ́wọ́. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Àwa náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀ o. Ẹ̀rù ti bà wá títí, ó ti di ìwà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan náà ni màmá, ìyàwó Baba, lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí pé Baba kò wálé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjì-méjì ni màmá ń padà lọ, àwọn ọlọ́pàá á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ń wá a. Ọlọ́pàá kan tiẹ̀ bi màmá bóyá Baba ní obìnrin mìíràn níta.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, mo tẹ̀ lé màmá lọ sí àgọ́. Mo ní kí àwọn ọlọ́pàá gbé ìwé kejì wá. Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ní ìwé òkú nìyẹn, pé ẹni tó sọnù là ń wá. Màmá fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé, "Ọkọ mi a máa ka méjèèjì pọ̀ ni." Ó gbé e wá.

Ìwé àkọ́kọ́, ohun tí màmá sọ fún wọn: ẹ̀wù aláwọ̀ eérú, bọ́tìnì dúdú, àyàfi ìkejì láti òkè tó jẹ́ funfun, nítorí òwú àti bọ́tìnì tó wà nílé ni màmá fi rán an. Ìwé kejì, ọjọ́ kan náà: ọkùnrin àgbàlagbà, ẹ̀wù eérú, bọ́tìnì kejì funfun. Báírò kan náà. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Ẹni tó kọ òkú rẹ̀ láàárọ̀ ló jókòó níwájú ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó tún bọ́tìnì yẹn kọ, tó pa ìwé dé, tó sì lọ sílé. Níwájú ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ kọkànlélógún ikú rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré la fi pẹ́ jù.

Màmá ò sunkún. Wọ́n fi àtàńpàkò pa ibi tí wọ́n kọ bọ́tìnì náà sí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

Ọ̀gá àgọ́ náà ránṣẹ́ sí mi pé àṣìṣe kékeré ni, pé àwọn bá wa kẹ́dùn. Ó ní kí wọ́n tó lè hú òkú náà fún wa, àfi kí màmá mú káàdì ìdánimọ̀ olóògbé wá. Káàdì wo, ọ̀gá? Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín láti ọdún mẹ́ta?

Mo ka ìwé kejì yẹn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí Baba ti fẹ̀yìn tì, òkú méjìlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n fún lórúkọ. Ilé mélòó ló ṣì ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì? Ẹ dá Baba padà fún wa, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí sàréè rẹ̀. Ẹ sọ fún ìlú, tòun torúkọ, ẹni tí yóò máa ka ìwé méjèèjì láti ọ̀la lọ. Kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ yín pé ẹni tó bá dá òkú mọ̀ kì í ṣe ọ̀daràn.

Ọ̀gá, ní ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, à ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín, èmi àti màmá. Oníbàtà ní òun náà ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wẹ̀yìn wò bó ṣe ń sọ ọ́. A ó wọlé, a ó jókòó. Màmá yóò ní kí ẹ fún àwọn lómi. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ dìde, kí ẹ fọwọ́ ara yín bu ú wá, kí ẹ jókòó tì wọ́n títí wọn ó fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ fún wọn.