Táǹkì Tó Kún Lójú Ẹ̀rọ

Òórùn òróró kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú òróró tí ọkọ̀ ojú omi bá kó wọ Apapa, kò sí ọṣẹ tí mi ò fi fọ aṣọ iṣẹ́ mi, síbẹ̀ àwọn ará ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ á ti mọ̀ pé mo ti dé kí n tó kan ilẹ̀kùn. Nǹkan bí ọdún 1989 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ìgbéraga mi sì ju owó oṣù mi lọ. Bí mo bá ń kọjá ní Liverpool Road láàárọ̀, láàárín àwọn tírélà tó tò síbẹ̀, mo máa ń rò pé gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé obìnrin ń kọjá lọ. Kò sí èyí tó wò mí nínú wọn.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníwọ̀n. Òun ló máa ń gun orí táǹkì láràárọ̀, á sọ okùn ìwọ̀n sínú òróró, á kọ iye mítà tó bá rí sínú ìwé rẹ̀, á sì wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ńlá tó wà nínú yàrá wa. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ó máa ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Boundary kí a lè jọ rìn dé ibi iṣẹ́, á sì máa bi mí léèrè àlàáfíà ìyá mi bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà kékeré tuntun, èmi ni ọ̀gá ní kí n kó gbogbo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ yẹn sínú rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ kó wọlé rí rúdurùdu, àfi bíi pé ewúrẹ́ ló tẹ̀ wọ́n. Mo wá ṣí dìbọ́gà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn yọjú wo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ètò mìíràn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń pín nọ́ńbà tó bá ní pọ́íńtì sí méjì, tí á sì fi ìdajì kan sípò èkejì. Mo dá wọn padà sípò. Ọkọ̀ ò tíì dé lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo táǹkì ló ṣófo àfi ẹyọ kan. Mo yẹ àwọn tó ṣófo wò: òdo, òdo, òdo. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òdo kì í yí padà lórí ẹ̀rọ kankan, pé kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Táǹkì kan tó kù yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Mítà 8.4 ni dìbọ́gà fi hàn mí, 2.1 ló wà nínú ìwé Bàbá. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ wọn táǹkì náà, wọ́n bá 2.1 níbẹ̀. Lójú ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti yanjú: Bàbá tẹ 8.4 sínú ẹ̀rọ, wọ́n jí òróró gbé, ó wá lọ tún ìwé rẹ̀ kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn," Bàbá bẹ̀bẹ̀. "Ẹ wò ó níbẹ̀. 2.1 ni mo tẹ̀. Abẹ́g, ẹ ṣáà tàn án."

Wọ́n ti yọ wáyà ẹ̀rọ náà. Kí n tó tò ó padà, á gbà mí tó ìdajì ọjọ́. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ó pọn dandan.

"Kò pọn dandan, sà," mo ní. "Ohun tó wà níbẹ̀ náà ló wà níbí. Kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

Bàbá pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì jáde. Wọ́n lé e lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gbogbo àdúgbò wa ti gbọ́ pé olè ni.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń kó àkọsílẹ̀ ọdún tó ṣáájú wọlé, mo bá táǹkì kan pàdé tí òróró inú rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Táǹkì wa tó ga jù lọ kò sì ju mítà mẹ́wàá. Mo to wáyà ẹ̀rọ àtijọ́ padà, mo tẹ 1 sínú rẹ̀, mo gbé e wá sórí tuntun, dìbọ́gà ní 4. Mo tẹ 2, ó ní 8. Bí ẹ̀rọ méjèèjì ṣe ń tọ́jú títóbi nọ́ńbà kò bára mu, ohun gbogbo tó bá sì ti inú ti àtijọ́ wá ti di ìlọ́po mẹ́rin. Dìbọ́gà ò mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá, bí kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ ṣe ń kà á ni òun náà ń kà á. Ìlọ́po mẹ́rin 2.1 ni 8.4. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìlà kan ṣoṣo tó ń pín nọ́ńbà sí mẹ́rin kún ètò tí mo fi ń kó wọn wọlé, gbogbo rẹ̀ sì gún régé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe parí ìsìn, mo lọ sílé Bàbá. Ó ń tún bàtà ọmọ-ọmọ rẹ̀ rán níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó gbọ́ ọ délẹ̀ kó tó gbé bàtà náà sílẹ̀.

"Ṣé o ti sọ fún ọ̀gá?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ mi, èmi mọ̀ pé mi ò jalè. Ìyàwó mi mọ̀. Ọ̀gá ni kò mọ̀. Dìde, lọ sọ fún ọ̀gá."

Mo ṣèlérí pé màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní àlejò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá lẹ́tà ìgbéga lórí tábìlì mi, wọ́n ń yìn mí nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ní kí n jẹ́ kí ìyẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Nígbà tó yá, mo kó kúrò ní Ajégúnlẹ̀, mo sọ fáwọn ènìyàn pé nítorí omi òjò tó ń wọlé ni. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ pàdé Bàbá ní Boundary mọ́ ni.

Bàbá ti kú sí ìlú rẹ̀. Ọ̀gá náà ti kú. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra bí nọ́ńbà bá ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn, àmọ́ mi ò sọ ohun tó kọ́ mi fún wọn rí. Àbámọ̀ ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Láti tábìlì mi dé yàrá ọ̀gá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀, màá yọjú, màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," màá sì kọjá lọ.