Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Òkú nínú Fíìmù Ọ̀gá Àrẹ̀mú

Òórùn ẹfun tútù àti èédú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ìdájí ọjọ́ kan, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kùrukùru láti ọ̀sà ṣì bo gbogbo Igbó Ẹfọ̀n, iyanrìn sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin kan dúró nínú ilé àkọ́patì tó wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀, ó ń fi èédú kun ògiri. Mo rò pé ó ń ba ògiri onílé jẹ́ ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé òjìji fèrèsé ló ń yà, òjìji gígùn tó wọ́, tó gun ògiri lọ bí ìka arúgbó. Oòrùn kò sì tíì yọ rárá. Ó wò mí, ó ní, "Bí oòrùn ò bá ṣe tán láti bá wa ṣiṣẹ́, a ò ní dúró dè é."

Olùdarí fíìmù ni. Ọ̀gá Àrẹ̀mú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ á rántí ìgbà náà, nígbà tí igi àgbọn ṣì pọ̀ ju ilé lọ, tí a ń ya kásẹ́ẹ̀tì fíìmù wò lọ́jọ́ Sátidé. Fíìmù àwọn yòókù, ilé ńlá àti mọ́tò tuntun ni wọ́n máa ń fi hàn wá, pẹ̀lú ariwo. Tirẹ̀ yàtọ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi nǹkan pupa kan ṣoṣo: rìbọ́ọ̀nù nínú ọ̀kan, bàtà ọmọdé nínú òmíràn. Igi tó ti kú, tó sì wọ́, ló máa ń wá kiri. Á ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ àga kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, kí ẹni tó jókòó lè dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Tìróò ló fi ń yí ojú àwọn òṣèré ká títí ojú náà á fi jìn bíi kànga. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á dúró de tírélà tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kí iná rẹ̀ lè gba ojú fèrèsé wọlé, kí ó sì rìn kọjá lára ògiri.

Ìtàn rẹ̀ náà kò jọ ti ẹlòmíràn. Òkú kì í ṣe ìkà nínú rẹ̀. Òkú á padà wálé, á jókòó sídìí tábìlì, á máa wá ẹni tó máa bá a dirun. Àwọn alààyè ni ìwà wọn máa ń dẹ́rù bani.

Màmá mi ló ń rán aṣọ fún un, nínú ṣọ́ọ̀bù pákó kan tó kọjú sí títì. Èmi ni mo máa ń di ìdí téèpù mú bí wọ́n bá ń wọn aṣọ. Wọ́n mọ ìwọ̀n ju ẹnikẹ́ni lọ, aṣọ tí Ọ̀gá Àrẹ̀mú ń fẹ́ sì máa ń bí wọn nínú.

"Ọ̀gá, aṣọ yìí fi odindi apá kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ ló máa máa gbá."

"Kó gbálẹ̀, Ìyá Ṣadé. Ẹni tí a kò bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkàn á máa wá ibi tó gbà dúró."

"Ọkàn kọ́ ló máa fọ aṣọ náà, ọ̀gá."

Kí wọ́n tó bí mi ni màmá mi ti bí ọkùnrin kan, Akin. Ibà gbé e lọ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé mú màmá mi wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin sì gbé ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò sẹ́ni tó fi ibẹ̀ hàn wọ́n rí. Bí èmi bá sùn, wọ́n á wá gbé ọwọ́ sí imú mi bóyá mo ń mí. Wọn kì í jẹ́ kí n dá sọdá títì. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lásán ni mo fẹ́ lọ pọn.

Ọrùn mi gùn, ojú mi sì tóbi. Lékelèké ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Lọ́jọ́ kan tí mo di téèpù mú, Ọ̀gá Àrẹ̀mú wò mí títí, ó ní, "Ìyá Ṣadé, láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wá ọmọ yín. Ọmọ tó kú nínú fíìmù mi, òun gan-an nìyí."

Màmá mi gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Ọmọ mi kò kú nínú ohunkóhun."

Fàtáì tó ń gbé kámẹ́rà rẹ́rìn-ín. "Màmá, eré ni o. Èmi fúnra mi ti kú lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò rí bí mo ṣe sanra."

"Ìyá tìẹ ni kó máa wò ọ́ níran."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ lójú wọn. Kò parí lójú mi. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, mo máa ń tẹ́ ẹní sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja, mo sì máa ń ka oókan dé ọgọ́ta nínú ọkàn mi láìmira. Èèrà ń rìn lórí ètè mi, n kò gbá a kúrò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo la ojú, mo rí màmá mi tí wọ́n dúró tì mí. N kò mọ ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gan-an, Ṣadé?"

"Kí ẹ jẹ́ kí n ṣe é, mà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi ka ohun tí wọ́n fẹ́ fún Ọ̀gá Àrẹ̀mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìdérí dé pósí tí mo máa sùn sí. Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn á pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, bí àwọn bá sì ti pè mí, kí n mi ìka ẹsẹ̀ mi kí àwọn mọ̀ pé mo wà. Ọ̀gá Àrẹ̀mú gbà. Ó ní ìpè náà kò ní ba nǹkan jẹ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọn á fi ohùn sí fíìmù.

Pósí náà fẹ̀ léjìká, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó sì wọ́ sápá kan. Ní ìdájí ọjọ́ eré náà, wọ́n kun mí lẹ́fun nínú ilé àkọ́patì yẹn, wọ́n lé tìróò fún mi, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ irun mi. Aṣọ funfun tí màmá mi rán ni mo wọ̀, ó sì fi odindi apá kan gùn jù mí lọ. Nínú gbogbo wa, àti màmá mi tí kì í gbàgbé ìwọ̀n, kò sẹ́ni tó rántí pé aṣọ náà máa bo ẹsẹ̀ mi.

"Ṣadé."

Mo mi ìka ẹsẹ̀ mi. Aṣọ náà nípọn, kò gbọ̀n.

"Ṣadé."

Mo tún mì í. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé wọn kò rí i. Mo lè gbé ọwọ́ sókè. Mo lè la ojú. Ṣùgbọ́n mo ti ka ogójì, ó ku ogún, mo sì ti pinnu pé n ó parí rẹ̀.

"Fọláṣadé."

N kò mira rárá.

Màmá mi já wọlé. Wọ́n fara gbá òjìji tí wọ́n fi èédú yà, ó sì parẹ́ mọ́ wọn lára. Wọ́n fa èjìká mi yọ nínú pósí, wọ́n ń kì mí, "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi, dìde." Lẹ́yìn náà wọ́n ń pe Akin. Mo ti la ojú, mo ń sọ pé mo wà níbí, ṣùgbọ́n wọn kò fi mí sílẹ̀. Iná tírélà kan rìn kọjá lórí wa. Kò sẹ́ni tó ní kí Fàtáì dáwọ́ dúró. Ó ń sunkún, kámẹ́rà kò sì gbọ̀n léjìká rẹ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀, Ọ̀gá Àrẹ̀mú jókòó sórí iyanrìn níwájú màmá mi. "Ẹ dákun. Bí ẹ bá ní kí n pa á rẹ́, n ó pa á rẹ́."

"Ẹ̀yìn mi nìkan ló hàn?"

"Ẹ̀yìn yín nìkan ni."

Màmá mi nu èédú kúrò ní apá wọn. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹ̀yìn màmá mi bo ojú mi. Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn obìnrin àdúgbò sunkún níbi tí màmá mi ti ń fà mí yọ ju ibikíbi lọ. Màmá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Aṣọ yẹn gùn jù."

Ajah ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méjìlá. Mo mọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé ìwé, mo sì mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ fi fóònù ya fíìmù kan, òun sì ni òkú. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti ṣe é rí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá àgbà ni. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ nígbà tí àwọn pè yín lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní àwọn ò bi yín rí."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó sùn sínú pósí yẹn ní ọkàn líle tí n kò ní mọ́. Kò mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, mo ti gbà fún un. Lọ́jọ́ Sátidé n ó gbé e lọ síbẹ̀, n ó jókòó sínú mọ́tò, n kò ní sọ̀kalẹ̀ títí wọn á fi parí. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì á lọ sọ́dọ̀ màmá mi, n ó kúnlẹ̀, n ó sì fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé mo gbọ́.