Ọwọ́ Mẹ́tàlélógójì ní Ìpàdé Onírédíò

Títí di òní, bí mo bá rántí ìpàdé yẹn, inú máa ń bí mi, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń bínú sí jù.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí ìjọba fàyè gba aládàáni láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, oníṣòwò kan wá bá àwa tíṣà tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkòtún. Ó fẹ́ ká ra ìpín nínú rédíò tí òun fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Àwa mẹ́tàlélógójì rà á, oníkálùkù lórúkọ ara rẹ̀, ní ìwọ̀nba. Kì í ṣe èrè la wá lọ. Àdéhùn wa ni pé kó fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn ọmọ ilé ìwé Alimọ́ṣọ̀ máa fi Yorùbá ka ìròyìn agbègbè wọn.

Ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà lè má mọ iyì rẹ̀. Àwọn rédíò yòókù kì í dárúkọ Ìgándò àfi bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún kà á lórí rédíò wa pé afárá kékeré tó wà lọ́nà Ẹ̀gán ti já, pé òun máa ń bọ́ bàtà kóun tó lè kọjá lọ sílé ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, káńsù ti kó pákó àti yanrìn débẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn òbí ń wá láti Gowon Estate pàápàá, wọ́n ń mú ìròyìn tí wọ́n kọ sínú bébà wá fún mi.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà dé; èmi tí mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ni mo kà á fún àwọn yòókù. Oníṣòwò wa fẹ́ ta rédíò náà fún ọkùnrin kan tó ti ń sọ ọ́ kiri pé orin àti ìpolówó ọjà lédè Òyìnbó lòun yóò máa gbé sí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n pe gbogbo onípìn-ín kí wọ́n wá dìbò.

Ọkàn wa balẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnì kan, ọwọ́ kan ni. Ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ kò ju ẹni tó ní ẹyọ kan lọ. A pọ̀ ju oníṣòwò yẹn lọ, kí ló tún kù? Mo kó wọn jọ sí kíláàsì mi, a fi ọwọ́ nínà dánra wò. Akọ̀wé wa, obìnrin Èkìtì kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ń pariwo:

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ̀ ń dìbò ni àbí ẹ̀ ń họrí? Ẹ nà án dáadáa jàre!”

A yá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, a gba Ìkẹjà lọ. Oníṣòwò náà ló ṣe alága.

“Àwọn tí kò fẹ́ ká tà á?”

Gbogbo wa nawọ́. Ó dára lójú, mi ò ní purọ́.

“Mo rí yín. Ẹ gbé e wálẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ńkọ́?” Òun nìkan ló gbé ọwọ́ sókè, pẹ̀lú bírò nínú rẹ̀. “Ó ti wọlé. A ó tà á.”

Akọ̀wé wa fò dìde. “Ẹ dúró ná, ọ̀gá! Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?”

Lọ́yà wọn rẹ́rìn-ín. “Mà, ìpín la ń kà níbí, a kì í ka orí. Ti ọ̀gá nìkan ju ti gbogbo yín lọ. Ó wà nínú lẹ́tà.”

Mo dìde, mo béèrè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àwọn ọmọ.

“Tíṣà, àdéhùn ẹnu nìyẹn,” ni alága wí. “Ẹ bá ẹni tó rà á sọ ọ́.”

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gá ló ka lẹ́tà fún wa ṣá.” Mo yọ ọ́ jáde. Lóòótọ́, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní. Èmi tí mo ń kọ “Ka ìbéèrè dé òpin” sínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà!

Ní Sátidé kejì, mo tan rédíò. Ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n ń ṣe ní àkókò wa. Àwọn òbí ò sì yéé mú bébà wá.

Nígbà tí ìwé ìpàdé ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo kà á dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá kó òkúta sórí tábìlì láti fi ṣàlàyé fún wọn: òkìtì ńlá kan fún olówó tuntun, àti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́tàlélógójì fún àwa. Mo ní ká yan ẹni méjì péré, kí wọ́n lọ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo wọn mi orí.

“Ó ti yé wa, ọ̀gá,” ni akọ̀wé wí. “A ò tó lọ́jọ́sí ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká gba bọ́ọ̀sì méjì.”