Adékọ́lá Gbóòórùn Ife Olúwa

Ọtí wáìnì ni Bùrọ̀dá Adékọ́lá ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Largo, ìlú òyìnbó tí à ń gbé níbí. Òun náà ló ń gbé àwo ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa yíká ìjọ wa, kò sì sí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tó o. Ní Sọ́ńdè kan, ó gbé ife tirẹ̀, ó rọra yí i po lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ kó tó mu ún. Bí wọ́n ṣe ń yẹ wáìnì wò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti mọ́ ọn lára.

Ìyá Ìjọ dúró dè é lẹ́yìn ìsìn. "Adékọ́lá, ẹ̀jẹ̀ Olúwa lo ń yẹ̀ wò bí ọjà? O ò ní gbé àwo yẹn mọ́."

"Sọ́rì, Màmá. Oko àjàrà kan wà ní Faransé, Valmorin lorúkọ ẹ̀. Àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ló gbin ín, torí ife Olúwa. Àwọn olówó ló ni ín báyìí. Tí mo bá tọ́ wáìnì wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń korò díẹ̀, á wá ní òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo máa ń tu ìyẹn dànù ni, torí iṣẹ́ wa ni ká tọ́ ọ wò, ká má gbé e mì. Ti ìjọ wa níbí ni mò ń gbé mì."

"Òórùn kí lo wá gbọ́ nínú tiwa?"

"Ṣúgà ni, mà. Mo ń wá nǹkan míì níbẹ̀."

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Èmi náà ń wá a. Gbé àwo ẹ. Ṣùgbọ́n má yí ife po mọ́ o!"

Nígbà tó tún gbé àwo náà dé ọ̀dọ̀ mi ní Sọ́ńdè mìíràn, ó rọra dì í mú, bí ẹni gbé ẹyin. Mo mu tèmi. Mi ò tètè gbé e mì.