Ọ̀sán Tí Òjìji Mi Wọ Abẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kétu, mo kú ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, mo sì ti pín ogún ara mi kí n tó délé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Kò sí ẹni tó pa mí. Ìwà òmùgọ̀ mi ni.

Mẹ́tìrì, bí a ti ń pe olùkọ́ wa nígbà náà, kì í fi ẹnu lásán kọ́ wa ní ohun tó jẹ mọ́ ilẹ̀ ayé. Á ní kí a fi iyẹ̀pẹ̀ pupa mọ ìlú wa sí àgbàlá ilé-ìwé, kí a fi ṣùkù àgbàdo ṣe Odomẹ̀ta, kí a fi ìkarahun ìgbín ṣe Kpankou. Ẹni tó bá ṣi ibì kan gbé, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti rántí ibi tó wà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ní òun ń wá ọmọ tó lè dúró ṣánṣán bí òpó. Èmi agbéraga ni mo yọjú. Ó mú mi dúró nínú oòrùn, ó ní kí àwọn yòókù gbé òkúta sí ibi tí orí òjìji mi bá dé, kí a lè mọ bí oòrùn ṣe ń rìn. Láàárọ̀, òjìji mi gùn ju Mẹ́tìrì fúnra rẹ̀ lọ, inú mi sì dùn. Bí a bá ti kàwé díẹ̀, a ó tún jáde, èmi á tún dúró lójú kan náà. Òjìji ń kúrú. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo wolẹ̀, n kò rí i mọ́. Ohun tó kù kò ju fìlà tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Àyà mi já. Nílé wa, àwọn àgbà máa ń sọ pé iwin tó bá wá ná ọjà ọ̀sán, àìní òjìji la fi ń mọ̀ ọ́n. Mẹ́tìrì ń ṣàlàyé pé oòrùn ti dé àtàrí wa gan-an, pé àwọn tó wà nílẹ̀ Faransé kì í rí irú rẹ̀ láéláé, nítorí ibi tí ilẹ̀ tiwọn wà lórí ayé. Etí mi ti di. Mo gbé àtásì mi, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, fún Ràfíù ọ̀rẹ́ mi. Mo fi kànnàkànnà mi lé e lọ́wọ́.

"Ṣé o kò jẹ ẹ́ mọ́ ni?" ló bi mí.

Mo ní òkú kì í jẹun. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó sọ ọ́ tán. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ń gúnyán lẹ́yìn ilé. Mo sọ fún un pé Mẹ́tìrì ti gba òjìji mi. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà mí wọ yàrá, ó tún wolẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé òjìji máa ń wà nínú òkùnkùn. Ìyẹn ló wá dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tó jáde, ọmọ odó ti padà sọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà ilé-ìwé ló sì kọjú sí.

"Ilé-ìwé yẹn ti tán fún ọ," ló ń wí bó ti ń lọ. "Láti ọ̀la, o ń bá mi lọ ra àgbàdo ní Adakplamẹ̀. N kò bímọ fún ẹni tí yóò gba òjìji rẹ̀."

Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló dá a dúró lójúde. Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ó jókòó sórí àpótí, bútà omi àlùwàlá tí mo máa ń pọn omi sí fún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rì mọ́lẹ̀. Ìyá mi ro ẹjọ́. Bàbá kò gbójú kúrò lára igi.

"Tìrẹ dà?" ló bi í.

Ìyá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ti igi mi náà kò sí," ni Bàbá wí. "Ti àgbò Iléyá tó wà lórí ìso yẹn ti wọ abẹ́ ikùn rẹ̀. Ṣé olè yín gba tàgbò náà ni? Ẹ jókòó. Bí òjìji igi yìí bá ti yọjú padà, màá pe ìrun Ayìlà."

A jókòó. Lóòótọ́, òjìji igi náà yọ bí ahọ́n alángbá, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Bàbá dìde, ó pe ìrun. Ọkàn mi padà sáyà, ṣùgbọ́n ìyá mi kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà: ọ̀la, Adakplamẹ̀.

Lónìí, pọ́táàbù, fóònù inú àpò, ló ń pe ìrun fún wa, òun náà ló ń sọ ibi tí àríwá wà. Kò sẹ́ni tó ń wolẹ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ti kàwé jìnnà, kò gbà mí gbọ́ títí mo fi pè é jáde lọ́sàn-án kan lásìkò tí oòrùn tún dé àtàrí wa gan-an. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ó di apá mi mú. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti di ògiri mú. Ràfíù ti di bàbá àgbà, kò sì tíì dá kànnàkànnà mi padà.

N kò pẹ́ nílé-ìwé náà, ṣùgbọ́n ìwé díẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí, Bàbá ni mo jẹ ní gbèsè rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àṣẹ lọ̀rọ̀ ìyá, àfi bí bàbá ọkọ bá sọ tirẹ̀. Nígbà tó kírun tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ká ẹní rẹ̀, ó yíjú sí ìyá mi.

"Ìyá Múfù," ló wí, "ohun tí mo ti ń fojú lásán wò láti kékeré ni wọ́n ń fi òkúta sàmì sí níbẹ̀. Jẹ́ kó padà lọ. Bí òjìji rẹ̀ bá tún sọnù, mo mọ ibi tó ń lọ."