“Wọ́n Ti Gbà”: Bí Ẹ̀kọ́ Ìlera Ìbílẹ̀ Ṣe Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Àrùn Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ti ara wa ní kíláàsì láìbo imú, nígbà tí yunifásítì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kéde pé àwọn fẹ́ pa ẹ̀kọ́ wa rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn kiri ojú títì lónìí, ẹ fetí sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Dìgírì nínú ìlera àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni à ń kà. Wọ́n ń kọ́ wa bí àwọn tí òyìnbó wá bá lórí ilẹ̀ bàbá wọn ṣe ń tọ́jú ara wọn, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn kì í fi í yé dókítà. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ràlíà, ṣé àwọn ọmọ onílẹ̀ tó fojú wa rí màbo n'Íkòròdú ló wá ń ṣàìsàn báyìí?”

Èmi mọ ohun tí mò ń wá. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn tẹ́lẹ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì níbẹ̀. Ní Kennington níbí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Màmá kan láàárín wọn ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ó ní inú òun bàjẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń túmọ̀ fún dókítà ní ikùn rẹ̀ ló bàjẹ́. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n fún un. Ìyẹn ló gbé mi dé yunifásítì.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ wa ò lérò tó, a ò dákẹ́. Temi, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Peckham, ni aṣojú wa. Mummy Fẹ́yí, ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì, ìyá aláṣọ funfun tóun náà ń tọ́jú arúgbó, ni wọ́n gbà láàyè kó wọlé bá ìgbìmọ̀ tó máa dìbò sọ̀rọ̀. Ètò wa ò le: a ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi dìbò tán. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀kọ́ wa, kó gba àárín wa kọjá, kó sì wò wá lójú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa wá, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mummy Fẹ́yí wá pẹ̀lú aṣọ funfun wọn nínú òjò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ sinmi láti mu tíì, fóònù Temi dún. Mummy Fẹ́yí ló ń pè látinú ilé.

“Temi, wọ́n ti gbà o! Wọ́n ti gbà fún wa! Ògo fún Olúwa!”

Temi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: “They've agreed! Wọ́n ti gbà, everybody! We won!”

Mo fa apá rẹ̀. “Ta ló gbà? Ṣé wọ́n ti dìbò ni?”

“All of them, Aunty! Mummy ní wọ́n ti gbà. Ẹ relax now.”

Ta ni yóò gbọ́ tèmi nínú ariwo yẹn? Àwọn ènìyàn dì mọ́ra, wọ́n ya fọ́tò, oníṣẹ́ gba ibi iṣẹ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ní mo ti fẹ́ràn wàhálà jù.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jáde, èmi àti Temi ló kù níbẹ̀. Wọ́n ṣí agbòòrùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Mummy Fẹ́yí tẹ̀lé wọn pẹ̀lú omijé.

“Àwọn èèyàn wa dà? Wọ́n ti pa á o! Wọ́n ti close ẹ̀!”

“Mummy, ẹ ní wọ́n ti gbà!”

“Bàbá onírun funfun yẹn ni mò ń sọ, dean! Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tíì, wọ́n ní àwọn á dìbò fún wa.”

“One man? Wọ́n is plural, innit! Kí ló dé tí ẹ ò just say ‘ó’?”

“‘Ó’ kẹ̀? Kí n pe bàbá tó tó bí mi lọ́mọ ní ‘ó’? Ta ló kọ́ ẹ nílé, Temi?”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bàbá náà dìbò fún wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò gbégbá dórí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì nígbà náà. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí i pé ìta ti dá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò jọ pé ó dun ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá títí, a wá kó kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó wò wá.

Wọ́n jẹ́ kí àwa tó ti bẹ̀rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wa. Ìyẹn la rí gbà. Wọ́n ò gba ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́yìn wa, wọ́n sì pààrọ̀ orúkọ tó wà lára ìwé ẹ̀rí wa sí ìlera gbogbogbòò. Temi àti Mummy Fẹ́yí ò tíì rẹ́ títí dòní. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ tó kígbe ìṣẹ́gun, ẹ béèrè ẹni tó gbà. Yunifásítì náà ṣì jẹ wá ní àlàyé tí wọn ò tíì ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ àbúrò mi tó fẹ́ wọ yunifásítì bá mi ní Brixton níbi tí mo ti ń ra iṣu. Ó ní, “Aunty, that course yín, that's what I want. Níbo ni mo ti lè kà á?”

Mo gbé iṣu ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, “Wọ́n ti pa á. Mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ́ ọ.”